Igba Pépéyẹ ní Adágún Zawan

Dadin Kowa ní Jos ni wọ́n bí Fadékẹ́ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ níbẹ̀. Òun kò ta aṣọ ní tirẹ̀. Kòsé, àkàrà àwọn Hausa, ni ó ń dín létí adágún Zawan, kòtò tí àwọn awakùsà àtijọ́ gbẹ́ sílẹ̀, tí òjò sì sọ di omi.

Láàárín ọdún méjìlélógún, ó mọ gbogbo ohun tí ń gbé inú omi náà: ọ̀pọ̀lọ́, lékeléke, ẹyẹ apẹja tí ń já bọ́ bí òkúta, àti pépéyẹ ojú-funfun. Àwọn pépéyẹ ni ó fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá balẹ̀ láàárọ̀, a máa kí wọn: "Sannunku!"

Ní oṣù kejì ọdún yìí, àwọn onílẹ̀ pinnu láti fi yẹ̀pẹ̀ dí adágún náà, kí wọ́n sì gé e tà fún àwọn tí yóò kọ́lé. Fadékẹ́ lọ bẹ baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn akaẹyẹ, àwọn tí ń ka iye ẹyẹ, kí wọ́n wá ní Sátidé. Bí pépéyẹ bá pé igba, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan omi náà. Ní Ọjọ́bọ̀, Fadékẹ́ kà wọ́n: àádọ́jọ péré. Àwọn yòókù wà ní adágún kan ní Kuru.

Ó pinnu láti fi oúnjẹ fà wọ́n wá. Èyí tí kò wọ́n lọ́jà ni àṣẹ́kù àgbàdo gbígbìn, tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa láró pupa. Ní ìgbà ọ̀wọ́n oúnjẹ, àwọn ará àdúgbò a máa fọ irú rẹ̀ títí àró yóò fi ṣí, wọn a sì lọ̀ ọ́ jẹ. Fadékẹ́ náà ti jẹ ẹ́ rí. Inú rírun lásán ló kó bá a. Ó fọ àpò kan lómi mẹ́ta. Nígbà tí omi kẹta mọ́ gaara, ó gbà pé oògùn ti tán. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ó fọ́n ọn sétí omi. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ti Kuru ti dé. Ó kà wọ́n dé òjìlénígba, ó sì rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Tẹjú, ọ̀dọ́bìnrin akaẹyẹ, dé ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Ọrùn àwọn pépéyẹ ti lọ́. Àwọn kan ṣì ń na ìyẹ́ mọ́ ẹrẹ̀.

"Ta ló fún wọn ní nǹkan jẹ?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Àró ni ẹ fọ̀ kúrò, Màmá. Oògùn ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà kà wọ́n. Ṣé wọn kò pé igba ni?"

"Wọ́n pé. Ààyè nìkan ni a ń kọ sílẹ̀." Ó kọ mọ́kànlélógún.

Simeon, àbúrò baálẹ̀, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀, dé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Haba, Màmá! Ariwo katakátá ìbá gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó lé wọn. Ẹ fi àpò kan ṣoṣo parí ẹ̀!"

Àwọn ará àdúgbò kan ti gbé abọ́ dé láti kó ẹran. Fadékẹ́ kígbe pé oògùn wà nínú ẹran náà.

"A ó fọ̀ ọ́," obìnrin kan dáhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Simeon lé wọn padà, ó sì ní kí Fadékẹ́ kó òkú ẹyẹ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Níbo ni kí n sin wọ́n sí?"

"Inú adágún. Yẹ̀pẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ó fi agbada kòsé kó wọn títí di ọ̀sán. Nínú agbada ìkẹyìn, ọ̀kan ṣì ń mí.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ dà á mọ́ wọn," Simeon dáhùn.

Ó dà á mọ́ wọn.