Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè ní Àdúgbò Tí Kò Lókè

Òórùn ọ̀dà tó ń jó lára irin ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹni tó bá dàgbà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà á mọ òórùn tí mò ń sọ: ó máa ń kọ́kọ́ dà bí ṣúgà tó jóná, lẹ́yìn náà ni á wá máa ha èèyàn lọ́fun. Wẹ́dà àdúgbò wa n'Ìkòròdú kì í tan iná kó tó di aago mẹ́sàn-án, nítorí náà mo mọ̀ pé iṣẹ́ kánjúkánjú ni. Mo bọ́jú, mo lọ sẹ́yìn táǹkì omi níbi tí mo máa ń so kẹ̀kẹ́ mi mọ́. Okùn wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò sí.

Kí n tó sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ó yẹ kí n sọ irú kẹ̀kẹ́ tó jẹ́. Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kérò o. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, tòkunbọ̀, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ń ṣí, táyà rẹ̀ sì nípọn bí apá mi nígbà náà. Sípíríǹgì wà nínú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àwọn ọmọ kan láàárín àdúgbò ní irú ẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ náà ní ṣọ́ọ̀kù: sípíríǹgì pupa kan, íǹṣì mẹ́fà ní gígùn, ìyíká méje, tó jókòó sábẹ́ àga ìjókòó bí ọkàn ṣe jókòó sábẹ́ egungun àyà. Férémù rẹ̀ pín sí méjì, irin róbótó kan ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, débi pé bí táyà ẹ̀yìn bá wọ kòtò, táyà nìkan ló wọ̀ ọ́. Ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ á kàn gbọ́ ìròyìn ni.

Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ Ìwó tó wá háyà yàrá méjì n'Ìkòròdú. Wọ́n kan ilẹ̀kùn fún ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù òkè òkun ní ibùdókọ̀ Benson, ilẹ̀kùn náà sì wù ú débi pé ó ní kí wọ́n mú ohun kan fún ọmọ wọn nínú òkìtì tó wà nílẹ̀. Bàbá mi gbé gbogbo kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú èyí tó wúwo jù. Ní ti wọn, ohun tó bá wúwo, wọn ò fi ayédèrú igi ṣe é.

Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ abẹ́ ìjókòó rẹ̀, òjò ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo ka ìdajì tó kù títí mo fi lè kà á láìwò ó, títí kan ibi tí kò yé mi. Ìwé náà sọ pé kẹ̀kẹ́ orí òkè ni: wọ́n ṣe é láti gun òkè, wọ́n sì ṣe é láti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, láàárín gbòǹgbò àti òkúta. Mo wo àdúgbò wa yíká. Ohun tó ga jù lọ níbẹ̀ ni òkìtì yanrìn tí onílé òdìkejì dà sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ewúrẹ́ ló sì ń gbé orí ẹ̀.

Ìyá onílé wa ò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá ti ń ti kẹ̀kẹ́ jáde báyìí, wọ́n á gbé ojú sókè níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Múìnátù, òkè wo la tún ń gùn lónìí?"

"Ẹ̀pẹ́ ni màá ti gùn ún, mà."

"Ẹ̀pẹ́ náà ló lókè?"

"Ó ní ọ̀kan, mà."

Mi ò purọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, ń yan ẹja níbẹ̀, lẹ́yìn ilé wọn sì ni ilẹ̀ pupa kan ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà. Gbòǹgbò wà nínú ẹ̀, òkúta wà nínú ẹ̀. Láyé mi, òun nìkan ni mo rí tó jọ àwòrán inú ìwé náà. Bàbá mi sì ti ṣèlérí pé bí a bá ń lọ ṣọdún Iléyá lọ́hùn-ún, àwọn á di kẹ̀kẹ́ sórí mọ́tò. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ní àdúrà méjì.

Mo wá ń múra sílẹ̀. Ìwé náà ní kí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ jókòó lé e, kó wọn bí ẹ̀yìn ṣe lọ sílẹ̀ sí, kó fi yí sípíríǹgì bó ṣe yẹ. Mo yọ rúlà onírin nínú àpótí iṣẹ́ bàbá mi. Láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, mo máa ń pe Wàídì àbúrò mi kó wá jókòó, èmi á sì wà ní ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn táyà, màá máa wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mo ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá lókè: BÍ Ẹ̀YÌN KẸ̀KẸ́ ṢE Ń LỌ SÍLẸ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ pé, bí Wàídì bá dá jókòó, ìdajì íǹṣì. Bí èmi bá dá jókòó, íǹṣì kan. Èmi àti Wàídì pẹ̀lú báàgì ilé ìwé, íǹṣì méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Bàbá mi máa ń kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ. Mo rò pé wọ́n ń fi mí yangàn.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń tọ́ gbogbo ilé: "Ohun tó bá ń mì, ìṣó ló ń tọrọ." Wọ́n ń sọ ọ́ nípa àga. Wọ́n ń sọ ọ́ nípa eyín Wàídì, nípa ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ilé kéú, àti nípa ìgbéyàwó àwọn ará ilé kejì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń wá ohun tó ń mì kiri láti dá a dúró. Ní ilé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ ìròyìn láràárọ̀ pé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi ń lọ sílẹ̀.

Mo tọ òórùn náà dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Wọ́n ti dojú kẹ̀kẹ́ mi dé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí àgbò tí wọ́n fẹ́ pa. Sípíríǹgì pupa wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀pá irin kan tó nípọn bí àtàǹpàkò ló wà níbẹ̀, orí ẹ̀ méjèèjì ṣì ń pọ́n. Ìwé ìṣirò mi wà lórí tábìlì iṣẹ́, wọ́n ṣí i sí ẹ̀yìn, wọ́n sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e.

Wẹ́dà ṣí awò dúdú rẹ̀ sókè. "Ìwọ lo kọ èyí? O ṣeun gan-an. Àgbàlagbà á gbé nǹkan wá síbí, kò ní mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ìwọ, o kọ ọ́ ní íǹṣì-íǹṣì."

"Ọmọ mi ló wádìí ẹ̀," ni bàbá mi wí. Mi ò tíì rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ lórí ohunkóhun tí mo kọ. "Oṣù kan gbáko ló fi ń ṣọ́ ọ, kò sì ráhùn. Mo ní kó tó di pé a lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ ká bá a wò ó sàn."

Wọ́n tẹ ìjókòó náà fún mi kí n rí i. Kò lọ síbì kankan.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá." Nígbà tí wọ́n yíjú sí wẹ́dà, mo mú sípíríǹgì náà, mo fi ìborùn mi wé e, ó sì ṣì gbóná.

Gbogbo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni mo fi ń ronú. Kẹ̀kẹ́ wà lórí mọ́tò, wọ́n so àgbò ẹnì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àgbò náà sì ń jẹ ìjókòó rẹ̀ láti Ìmọ́tà títí dé Ìtòìkín. Sípíríǹgì wà nínú báàgì mi. Mo ti wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ náà dáadáa, ayùn irin lè gé e, ṣọ́ọ̀kù á sì padà sáyè rẹ̀. Ohun tó kù ni kí bàbá mi gbà pé kẹ̀kẹ́ náà ò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́, nítorí náà mo fi iṣẹ́ náà lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lọ́wọ́. Màá gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbọ̀n mí bí ìgbà tí wọ́n ń ku èlùbọ́, ní ìsàlẹ̀ màá wá fa sípíríǹgì yọ, màá ṣàlàyé.

Lọ́sàn-án ọdún, lẹ́yìn tí a jẹ ẹran, mo gbé e dé orí òkè mi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dára ju bí mo ṣe rántí ẹ̀ lọ. Mo kọjá gbòǹgbò àkọ́kọ́, eyín mi ń lura wọn. Mo kọjá òkúta. Omi tí wọ́n fi ń fọ ẹja ti gbẹ́ kòtò kan gba àárín ọ̀nà, jíjìn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wọ̀n ọ́n. Táyà ẹ̀yìn wọ inú ẹ̀, ọ̀pá irin náà sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi láìdín ẹyọ kan kù. Mo fò. Orí òkìtì àwọ̀n tí wọ́n sá ni mo balẹ̀ sí, ìdajì eyín iwájú mi kan ò sì bá mi débẹ̀.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti òkè. "Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ bá wa wá ìṣó, ká kan ọmọ yìí mọ́ ìjókòó." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti aṣọ funfun ọdún, bàtà wọn kan já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n yẹ apá mi wò, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò, wọ́n ya ẹnu mi wò. Àsìkò tí mò ń retí ti tó. Báàgì mi wà lẹ́yìn mi. Wọ́n wá yíjú, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ nàró, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé ìjókòó rẹ̀, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà lókè gbọ́:

"Ṣé ẹ̀yìn ẹ̀ tún lọ sílẹ̀ ni?"

Mo wo ọwọ́ wọn.

"Rárá, bàbá. Kò lọ sílẹ̀ rárá."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Kò tiẹ̀ yẹ̀ níbi tó wà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi. Mo rò pé iṣẹ́ wa ló já ọ kulẹ̀." Òtítọ́ ni mo sọ fún wọn, mi ò fi irọ́ kan kún un. Sípíríǹgì náà bá mi padà sí Ìkòròdú nínú ìborùn.

Ìtìjú ibẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ náà ò bàjẹ́ mọ́. Wọ́n jó kárìyà mọ́ ọn, ó sì ń ru pákó, ó ń ru ilẹ̀kùn, ó ń gbé èmi àti Wàídì lọ sílé ìwé títí mo fi jáde. Kẹ̀kẹ́ tó kù nínú òkìtì Benson, bí ṣọ́ọ̀kù wọn ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ wẹ́dà wa ni wọ́n ń gbé wọn wá. Wẹ́dà náà á kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ wá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo ti dàgbà, mo sì ti wá ní kẹ̀kẹ́ orí òkè tó pé tèmi báyìí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi yàn án. Ṣọ́ọ̀kù iwájú rẹ̀ ń rìn ní àádọ́jọ mìlímítà, ẹ̀yìn ń rìn ní ogóje. Atẹ́gùn ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀, kì í ṣe sípíríǹgì, mo sì ní pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan tí mo fi ń wọn atẹ́gùn náà láràárọ̀ Sunday kí n tó jáde. Táyà rẹ̀ ò ní túùbù. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn irin eléyín tí ṣéènì ń gbà lẹ́yìn rẹ̀ ní eyín mọ́kànléláàádọ́ta, fún òkè tó bá dúró ṣánṣán. Ọdún tí mo rà á gan-an ni wọ́n da kọnkéré sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìyá Ẹ̀pẹ́. Sípíríǹgì pupa wà lórí tábìlì mi, ó ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀.

Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Sunday àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, wọ́n dìde lórí àga, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tẹ ìjókòó. Ó lọ sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí dókítà ṣe ń wo ẹbí aláìsàn.

"Múìnátù. Wẹ́dà yẹn ṣì wà o."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ì bá ti lọ mú rúlà. Èmi fi àtàǹpàkò ti irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kù, èyí tó máa ń tì í pa fún ojú títì tó tẹ́jú. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà lọ jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń tì í pa lójú wọn kí n tó jáde ní géètì. Èrò mi ni pé bí mo bá ti yí kọ́nà tí wọn ò rí mi mọ́, màá ṣí i. Mo máa ń gùn ún dé Ìjẹ̀dé, mo máa ń gùn ún dé Ìmọ́tà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dé Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tí mo bá padà délé tí mo fẹ́ nù ún ni mo máa ń rí i pé mi ò ṣí i.