Ilẹ̀ Àpáàdì Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Àtijọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọdún tí òṣùpá bo oòrùn lọ́sàn-án gangan tí àwọn adìẹ sì wọlé lọ sùn, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ò kàwé, n ò lè pe ọdún náà fún yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣáà fara dà á bí mo bá ń sọ ọ́ wá sọ ọ́ lọ.

Ìgando tí ọkọ̀ kún yìí, oko ẹ̀gẹ́ ni nígbà náà. Amọ̀ ni ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sí abúlé wa, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Obìnrin tó bá gba ìgbàgbọ́ ló máa gbé ìkòkò tó fi ń bọ òrìṣà wá, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sì to àpáàdì rẹ̀ sínú amọ̀ tútù, etí rẹ̀ sókè. Ibi tí àpáàdì ìyá yín bá wà, ibẹ̀ lẹ ó máa jókòó. Àwọn tí kì í bá wa lọ á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé a ní à ń sá fún ọ̀run àpáàdì, a wá lọ jókòó lórí àpáàdì.

Ìjókòó ibẹ̀ ò rọrùn rárá. Bí mo bá fi ìdí ọ̀tún jókòó díẹ̀, mo ti yí sí òsì. Ìyá ìyá mi á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà: "Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé kòkòrò ló wà nídìí ẹ ni?"

Ìkòkò tirẹ̀, ilé ọkọ rẹ̀ ló ni ín, àbúrò ọkọ rẹ̀ ò sì dárí fífọ́ tó fọ́ ọ jì í. Ọdún tí mò ń wí yìí, ibà dá àbúrò mi ọkùnrin dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ibi tí a ti ń bá ìyá mi fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ ni oòrùn ti ṣókùnkùn. Bí òṣùpá ṣe kúrò lójú oòrùn, bàbá náà, àbúrò ọkọ ìyá ìyá mi, gbé ọkọ́. Ó ní òun ń lọ wú àpáàdì yẹn, òun á dá a padà sídìí òrìṣà, kí ọmọ má baà kú. Kì í ṣe ìkà o. Èjìká rẹ̀ ni àbúrò mi máa ń gùn lọ sóko.

Èmi àti ìyá ìyá mi sá tẹ̀ lé e. Ó ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àpáàdì kan fò jáde. Kó tó tún gbé ọkọ́ sókè, ìyá ìyá mi ti jókòó lé ojú ibẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wú u, ọkọ mi. Àmọ́ èmi lẹ máa kọ́kọ́ wú."

"Ìyàwó, dìde. Ọmọ ń kú lọ nílé."

"Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ẹ jẹ́ kó kò ó."

Bàbá náà ò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó tì í, ọkọ́ lórí itan. Èmi ò lè jókòó. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo wo ọ̀nà ilé, mo padà, mo tún lọ. Ọjọ́ ti rọ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ wá pé àbúrò mi làágùn, ó sì ń bèèrè ẹ̀kọ.

Bàbá dìde, ó ń fọwọ́ ra ìdí. "Kí lẹ̀yin onígbàgbọ́ tiẹ̀ rí lórí ilẹ̀ yìí?" Ó mú àpáàdì kan tó fò jáde yẹn lọ sídìí òrìṣà nílé. Títí tó fi kú ló ń sọ pé ẹyọ kan náà ló gba ọmọ là. Títí tí ìyá ìyá mi náà fi kú ló ń sọ pé ìyókù tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Èmi ò dá ẹjọ́ yẹn. Ihò tó kù nílẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́ nígbà ìwàásù.

Ògiri ti wó tipẹ́, ó di àlàpà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì oníbúlọ́ọ̀kù sí òdìkejì. Lọ́dún yìí ni àwọn ará yunifásítì tó ń wa nǹkan àtijọ́ gbẹ́ erùpẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà, ihò mi sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní àpáàdì òrìṣà ni, àwọn á da kọnkéré lé e, àwọn á fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àkọ́bí mi ni alága wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ kọnkéré dé, àkọ́bí mi ti bá mi ní ìjókòó lórí àpáàdì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Mo ní, "Dà á, ọmọ mi. Àmọ́ èmi lo máa kọ́kọ́ dà á lé."

Ó dá ọkọ̀ náà padà. Ìgbìmọ̀ á tún jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi balẹ̀. Ìgbà ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọkọ́ ayé àtijọ́ á yọ ẹyọ kan, ìyókù á wà. Kọnkéré kì í dá ẹnì kankan sí.

Àwọn ọmọ mi jókòó tì mí lórí àpáàdì lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. N ò tíì dé ìdajì tí alága fi ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ibi ìjókòó yín nìyí."