Àwọn Tó Ṣe Àmín ní Kúlọ́ọ̀sì Wa

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni wọ́n dá gúrúùpù àdúgbò wa sílẹ̀ lórí fóònù. Kí ìgbà yẹn tó dé, àwa ará kúlọ́ọ̀sì wa, òpópó kékeré kan ní Fẹ́sítàkì l'Ékòó, ò mọ ara wa ju ká juwọ́ síra wa lọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó lè jáde mọ́, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ní gáàsì, ẹlòmíràn ń wá ẹni tó máa bá òun ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a ṣe di ẹbí nìyẹn. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí i. Aṣọ iléèwé ni mò ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, ariwo fóònù sì ti mú kí n rán apá ẹ̀wù mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà rí. Ṣùgbọ́n torí pé ilé ni mò ń wà látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n sọ mí di ọ̀kan lára àwọn alábòójútó rẹ̀, wọn ò sì bi mí bóyá mo fẹ́.

Mi ò ní purọ́, gúrúùpù náà wúlò. Bí omi bá ti ń yọ nílé ẹnì kan, á kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn tí tiwọn ti gbẹ á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹni tó bá ń lọ sí Mazamaza láàárọ̀ á sọ pé àyè kan ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ òun. Nígbà tí ìyàwó awakọ̀ tírélà kan bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀, inú gúrúùpù la ti rí ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ òun àti tirẹ̀ bára mu. Ìsọ̀ símẹ́ǹtì rẹ̀ ní Ijegun-Egba ni ọkùnrin náà wà, ó tilẹ̀kùn, ó gun ọ̀kadà, ó dé ọsibítù kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó dé. Ìpàdé táwọn onílé máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹjọ́ ta ló da pàǹtírí síwájú ilé ta ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú níbẹ̀, àdúrà ni. Ọmọ Yorùbá kì í ṣàdédé béèrè nǹkan. A ó kọ́kọ́ kí èèyàn, a ó kí ilé, a ó kí ọmọ, a ó súre, ká tó wá mẹ́nu ba ohun tó gbé wa wá. Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ láìkíni, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Lójúkojú, kò sí wàhálà nínú ìyẹn, torí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ti fóònù yàtọ̀. Bí ìwé téèyàn fi ránṣẹ́ bá ti gùn, fóònù á fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn, á ká ìyókù mọ́ abẹ́, àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kó tó jáde. Ta ló ráyè? Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn èèyàn wa á ti fi àdúrà kún gúrúùpù, kálukú á ṣe àmín, á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Màmá kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló mọ ènìyàn kí jù nínú wa. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, orúnkún tó ń dà á láàmú kì í sì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìtọ̀ súgà. Abẹ́rẹ́ ló ń gún ara rẹ̀ lójoojúmọ́, inú fíríìjì sì ni oògùn abẹ́rẹ́ ọ̀hún ń gbé kí ooru má baà bà á jẹ́.

Àsìkò ooru ni tiransífọ́mà wa bú gbàù. Àwọn oníná wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Àwọn ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ ń tan tiwọn díẹ̀díẹ̀. Màmá ò ní. Ilé kan ṣoṣo ni iná ò kú rárá, ilé bàbá kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Àmùwò kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti kọ́ Fẹ́sítàkì. Sólà kún orí òrùlé rẹ̀. Kò jìnnà sí Màmá. Béèyàn bá kígbe láti ojú fèrèsé ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ ní ìkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Màmá kọ̀wé sí gúrúùpù. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará àdúgbò mi àtàtà. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà òkùnkùn yìí. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ìmọ́lẹ̀ wa ò ní kú o. Ẹni tó jáde á wọlé ire. Aburú ò ní ya ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. A ò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì."

Ibẹ̀ ni fóònù gé e sí. Ohun tó wà lábẹ́ nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Oògùn abẹ́rẹ́ mi ò gbọdọ̀ gbóná, iná ò sì sí. Ta ló lè bá mi fi í sínú fíríìjì títí iná á fi dé? Ẹ bá mi rán ẹnì kan wá gbà á, ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n lè sọ̀ kalẹ̀."

Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìyàwó pásítọ̀ tó ń gbé ní kúlọ́ọ̀sì wa ní àmín lórúkọ Jésù. Bàbá onísólà ní àmín lọ́lá Ànọ́bì. Onísímẹ́ǹtì fi àwòrán òdòdó pupa ránṣẹ́. Èmi náà fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Nírọ̀lẹ́, ẹnì kan ní, "Màmá wa, ẹ ó pẹ́ fún wa," ìyẹn náà sì gba àmín tirẹ̀. Màmá ò kọ nǹkan kan mọ́, kò sì sẹ́ni tó fura.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, tí iná ò tíì dé, mò ń wá ìkéde ilé tí omi ti ń yọ. Bí mo ṣe ń fi ìka wọ́ gúrúùpù náà sẹ́yìn, ìka mi ṣèèṣì tẹ ìwé Màmá, ìyókù sì jáde. Mo kà á. Mo fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, mo sáré gòkè lọ.

Orí àga ni mo bá a. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ó ń mí gúlegúle. Ó gbé ìgò oògùn náà sínú abọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà gbóná, omi ọ̀hún ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún un ti kìlọ̀ fún un pé èyí tí ooru bá ti mú, kó má lò ó mọ́. Kò sì lò ó.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"Mo sọ fún yín," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Gbogbo yín lẹ dáhùn. Ẹ ní àmín."

Ojú tì mí. Mo pe bàbá onísólà, mo ní ṣé ó ka ìwé Màmá.

"Àǹtí Télọ̀, ìwé wo? Àdúrà ọjọ́ yẹn?"

"Ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, Bàbá. Kẹ́ ẹ sì máa gbé mọ́tò bọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ó lọ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ní, "Yéè! Fíríìjì mi, tó jẹ́ omi nìkan ló wà nínú ẹ̀!" Èmi, òun àti mẹ́gádì tó ń ṣọ́ géètì kúlọ́ọ̀sì wa la jọ gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó padà wálé.

Kó tó padà, gúrúùpù ti gbóná. A ní láti ìsinsìnyí lọ, ohun téèyàn ń wá ni kó kọ́kọ́ kọ, kíkí á tẹ̀ lé e. A tún pín àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé fún àwọn tó múlé tì wọ́n, kí wọ́n máa kanlẹ̀kùn wọn láràárọ̀. Àwọn kan ò gbà. Onísímẹ́ǹtì ní, "Kéèyàn kàn bọ́ síbẹ̀, kó ní òun fẹ́ omi, láìkí ẹnikẹ́ni? Ṣé ọlọ́pàá ni wá ni?" Wọ́n jiyàn lé e títí, òfin náà sì dúró. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun á gbìyànjú. Ó wá ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun fi ń dúró, ńṣe ni òun ń yẹ orúkọ wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, òun ń wá ohun tí òun fi ṣẹ̀ wá. Ti ìyàwó pásítọ̀, ó rò pé torí òun ò lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tó kàn mí, ó rántí ẹran Iléyá tí mo gbé fún un, tí dókítà ò jẹ́ kó jẹ, tó sì fi fún mẹ́gádì. Ó ní ó dá òun lójú pé mẹ́gádì ló sọ fún mi.

"Ṣé torí ẹran yẹn ni?"

Mo ní mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́ran. Mo ní kò ṣẹ ẹnì kankan nínú wa. Mo ní a ò kàn ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ ni, gbogbo wa pátá.

Ó fa ìró rẹ̀ bo orúnkún.

"Ọmọ mi," ó ní, "ì bá sàn kó jẹ́ pé mo ṣẹ̀ yín ni."