Ohùn Katakata Láàárọ̀ Ọyẹ́

Òórùn epo dísù nígbà ọyẹ́ kò jọ òórùn rẹ̀ nígbà òjò. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, o ò ní rántí rẹ̀ mọ́. Nígbà ọyẹ́, ńṣe ló máa ń wúwo, á jókòó sínú eruku bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì n'Ìbàdàn níbí, kì í ṣe Ìbàdàn ni ojú mi ń rí. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìrèsì ni, níbi tí ilé parí sí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, tí òkè àpáta ga gogoro lẹ́yìn rẹ̀, tí katakata bàbá mi sì dúró lábẹ́ òrùlé páànù tó ti dógùn-ún.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn, nígbà tí èèyàn ń tò fún bẹntiróòlù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì tíì sí fóònù tí a ń fi sápò. Ọwọ́ oko ńlá kan tó kógbá sílé ni bàbá mi ti ra katakata náà, ó sì ń fi í kọ ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ láti Ìrèsì títí dé Ọ̀tan. Ìyá mi á ti gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́nà jíjìn nígbà tí àwa ọmọ kò tíì gbọ́ nǹkan kan, á ti gbé omi ọkà kaná. Nígbà òjò ọdún tí mò ń sọ yìí ni bàbá kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó jókòó sórí katakata náà mọ́. Ọkùnrin kan wá láti Ìlá pé òun fẹ́ rà á, ìyá mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ohun títà. Koríko hù yí táyà rẹ̀ ká, àwọn agbọ́n mọlé sí abẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò kì í sì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́.

Mo wálé láti Ìbàdàn lópin ọdún. Ọyẹ́ ọdún yẹn le púpọ̀. Ètè ń bó, gìgísẹ̀ ń là, omi inú ìkòkò tutù débi pé ó ń dun èèyàn léyín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mi ò rí nǹkan kan. Mi ò rí ilé tó kàn wá, mi ò rí igi máńgòrò, òkè àpáta tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ náà ti pòórá. Kùrukùru ọyẹ́ ti bò wọ́n, funfun ni gbogbo rẹ̀. Àkùkọ kan kọ, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ mi ló wà tàbí òdìkejì ìlú. Mo pe ìyá mi, yàrá rẹ̀ ṣófo. Mo mọ̀ pé ó ti lọ sí àkùrọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, létí odò, níbi tó gbin tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò sí, láti bomi rin wọ́n kí oòrùn tó mú. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò kà á sí.

Ọdẹ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ló mú ẹ̀rù wá. Ó yọ lójijì láti inú kùrukùru náà bí ẹni tí wọ́n tì jáde, èéfín ti kun ojú rẹ̀ dúdú.

“Ìyá ńkọ́?” ó bi mí.

Mo ní wọ́n wà lákùrọ̀. Ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní iná tí àwọn ọdẹ dá sí igbó ní òdìkejì òkè láti fi lé ẹran jáde ti bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti gbé e, ó ti fo odò.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde, gbogbo wa lọ sí etí igbó, a ń pè é. Ó sì ń dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ yẹn gan-an ló mú kí orí mi wú. A gbọ́ ọ lápá òkè. Bí a ti kọjú síbẹ̀, ó dún lápá ọ̀nà Ọ̀tan. Nígbà tó yá, ó dún lẹ́yìn wa, láti inú ilé wa, kedere, bí ẹni pé ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ ló ń jẹ́ mi. Mo sáré wọlé. Aṣọ ìbora rẹ̀ wà ní kíká bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

“Ẹ má pè wọ́n mọ́!” ọdẹ náà pariwo. “Àpáta yìí ló ń pín ohùn wa káàkiri. Bí Ìyá bá ń tẹ̀ lé wa, inú iná ni wọ́n máa bọ́ sí. Ohùn kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa gbọ́, ohùn tó dúró lójú kan.”

Ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà yẹn, ó ti ní takisí tirẹ̀ tó ń ná ọ̀nà Ọ̀tan. Ó wò mí, mo wò ó.

“Katakata ọ̀gá,” ó wí.

Bátìrì katakata náà ti kú tipẹ́, ló bá sáré lọ tú ti takisí rẹ̀ wá. Epo inú táǹkì ti pẹ́, òtútù sì ti mú kó ki. Ó fi sípánà tú ẹnu àwọn páìpù rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú wọn lè jáde, ó ń fọwọ́ fa epo náà gòkè títí tó fi ṣíwọ́ híhó, tó wá ń ṣàn geere. Èmi wa ẹ̀yinná sínú àwo páànù, mo tì í sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì tó dì síbẹ̀ lè yọ́. Mo gbé omi gbígbóná wá, a rọra ń dà á sí i lára. Ooru rẹ̀ rú sókè, ó dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ìyá mi ṣì ń dáhùn láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, láìjẹ́ pé a pè é.

Nígbà tó kù ká tan án, ọkùnrin náà dúró, kò gun ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa jókòó. Mi ò lè jókòó síbi tí ọ̀gá ń jókòó.”

Mo gùn ún. Mo wọ aṣọ ni o, síbẹ̀ irin náà tutù wọ̀ mí lára, ńṣe ló dà bíi pé mo jókòó lé itan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òjò dé. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kérora, ó yí bí ẹni tí kò fẹ́ jí, gù… gù… gù…, ó dákẹ́. Èéfín funfun yọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó dúró lójú kan lókè orí mi, kò lọ síbì kankan. Mo tún yí i, bákan náà ni. Mo tún yí i. Eérú koríko bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé mi lápá, ó dúdú, ó fẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fura pé ìyá mi ò dáhùn mọ́.

Agbára bátìrì ti ń lọ. Ọkùnrin náà rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ó ṣáná sí i, ó gbé e sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. “Ó yá, Ẹ̀gbọ́n!” Mo yí i. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi tí ẹ́ńjìnnì náà fa ahọ́n iná yẹn wọlé, tó gbé e mì. Ó wúkọ́. Ó sinmi. Ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló bú ramúramù, irin gbogbo gbọ̀n lábẹ́ mi, èéfín dúdú tú jáde, àwọn agbọ́n sì tú sínú òtútù, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ irin tó ń mú ìró rẹ̀ pọ̀ sí i, mi ò gbé e kúrò. Omijé ń dà lójú mi, mi ò mọ̀ àfìgbà tó kan ẹnu mi.

Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo kàn ń wo funfun yẹn. Nígbà tó yá, ó ṣókùnkùn níbì kan, ibi tó ṣókùnkùn náà ń rìn bọ̀, ó di èèyàn, ó di ìyá mi. Kò sáré. Igbá omi rẹ̀ wà lórí rẹ̀, iná ti jẹ etí ìró rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dákẹ́ bí ojú ẹni tó ti ọjà dé.

“Ẹ pa á,” ó wí. “Ó ti tó.”

Nígbà tí katakata dákẹ́, a gbọ́ iná náà lókèèrè, tó ń já koríko pàrà-pàrà. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kan ẹsẹ̀ àpáta, kò rí nǹkan jẹ mọ́, ó kú síbẹ̀. A fún ìyá mi ní àga àti omi. Ó mu ún, ó wá ń sọ fún wa.

“Mi ò mọ̀ pé apá ibi tí iná wà ni mò ń sá lọ. Bí iná ṣe fo odò ni mo gbọ́ katakata bàbá yín níwájú mi. Mo bá yà, mo tẹ̀ lé e.”

Ọdẹ náà gbójú sókè. “Ìyá, kí n tó wá ké síbí ni iná ti fo odò.”

“Ìgbà yẹn náà ni.”

“Ìyá, a ò tíì tan katakata nígbà yẹn,” mo wí. “A ò tilẹ̀ tíì rò ó.”

Ó yíjú sí mi. “Ó ń lọ níwájú mi, Àjọkẹ́. Bí mo bá dúró mí, ó dúró dè mí. Bí mo bá gbéra, ó gbéra.”

Ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé, ó kẹ́yìn sí wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé katakata tí a tàn kò kúrò lábẹ́ òrùlé páànù.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn tó kàwé jù mí lọ. Ẹnì kan ní bóyá ìró iná ló gbọ́ tó fi pè é ní katakata. Òmíràn ní òtútù máa ń gbé ìró láti ọ̀nà jíjìn, pé katakata ẹlòmíràn ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ilẹ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ le koránkorán? Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀tan. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń padà sí Ìbàdàn, ìyá mi sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á nínú kùrukùru yẹn.

“Nígbà tí mò ń tẹ̀ lé e, rárá,” ó wí. “Àmọ́ bí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílé, òun dákẹ́. Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí. Mo dúró, mo ní kó tún dún kí n gbọ́. Kò dún. Ni mo bá tẹ̀ lé tiyín.”

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà pé kó wá máa fi katakata ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ìtàn bí a ṣe gba ìyá mi lọ́wọ́ iná. Mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èrò mi ni pé ẹnì kan ti ń mú un bọ̀ wálé kí àwa tó mọ̀ pé ó sọnù, ó sì ń retí kí á dáhùn kó lè fi í lé wa lọ́wọ́, kó máa lọ. A dáhùn. Láti ìgbà yẹn títí ìyá mi fi kú, kò sí oṣù kan tí mi ò lọ sí Ìrèsì.