Orúkọ Ọ̀gá Bàbá Mi

Ọjọ́ tí ogun wọ ìlú wa ní Ivory Coast, ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ráfíù, ń gẹ irun oníbàárà kan lọ́wọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ìbọn ró lápá ibùdókọ̀. Oníbàárà náà fò sóde, apá kan orí rẹ̀ dán, apá kejì ṣì kún fún irun. A fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa.

Ìyá kan, bàbá kan ló bí wa. Láti Ẹjìgbò làwọn òbí wa ti lọ síbẹ̀. Faransé kan tó ń ta gẹdú ni bàbá wa ń se oúnjẹ fún. Nígbà tí wọ́n bí Bùrọ̀dá, orúkọ ara wọn, Àlímì, ni bàbá wa fi kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n bí èmi, ọ̀gá wọn ló lọ kọ mí sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló sì fi sí i: Moreau, Paul. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ á tètè gbà mí. Bàbá wa dúpẹ́. Lásísì ni wọ́n ń pè mí nílé. Bùrọ̀dá a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á pè mí ní ọ̀gá lédè Faransé: "Mùsíọ̀, ṣé ẹ ó jẹ ẹ̀bà?"

Ọjọ́ mẹ́ta la fi sá pamọ́ sínú yàrá. Gaàrí là ń mu, títí omi fi kù sí ìsàlẹ̀ ike. Àwọn tó ń jà ń wá àlejò, orúkọ ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀; aláwọ̀ dúdú tó bá ń jẹ́ orúkọ Faransé, ọmọ ìlú ni wọ́n ń kà á sí. Lọ́jọ́ kẹrin, Bùrọ̀dá ní ká máa lọ.

"Má fòyà, Lásísì. Orúkọ ẹ á gba àwa méjèèjì kọjá."

Wọ́n ti fi igi dí ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká gba káàdì mi. Orúkọ bàbá ni àwọn Faransé kọ́ ará ibẹ̀ láti máa kọ síwájú, òun náà sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà. Ó ka Moreau, ó ní kí n máa lọ. Ó ka Àlímì, ó ní kí Bùrọ̀dá bọ́ bàtà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tí wọn ò ní jẹ́ kó kọjá.

Bùrọ̀dá nawọ́ sí mi. "Àbúrò mi nìyẹn. Ẹ bi í."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Bùrọ̀dá ò bá mi jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Mo rìn lọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín ni èmi mú, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Fondren Southwest, ní Houston, ni mo ń gbé báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi Simi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, wá láti apartment wọn ní Westchase pẹ̀lú oyún àti ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ó ti to orúkọ ìdílé wa sí i láti òkè délẹ̀. Ó fẹ́ mọ Faransé tó bí wa, ó tiẹ̀ ti fi itọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.

"Daddy, the result came. No French at all! Ta wá ni Moreau? Mo ti sọ fún ọkọ mi pé baby máa jẹ́ ẹ o."

"Ọ̀gá bàbá mi ni."

Mo wo ìwé náà. Níbi tó kọ orúkọ mi sí, èmi nìkan ni. Èmi ni mo sọ fún Simi pé èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sẹ́ Bùrọ̀dá lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé Houston ni mo ti ń sẹ́ ẹ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò tún dárúkọ Moreau mọ́. Ó fa ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi.

"What was his name?"

Mo sọ ọ́, ó kọ ọ́.

"Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Mi ò wẹ̀yìn wò."