Ìyá Tó Dúró De Oòrùn Nínú Odò

Òórùn àkàrà dídùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wíìtì àti ṣúgà pò, tí wọ́n wá dín nínú bọ́tà yíyọ́, ló máa ń kọ́kọ́ ta sí mi nímú bí mo bá ti rántí Iléṣà. Ẹ̀yìnkùlé olùkọ́ ìṣirò kan tó wá láti Íńdíà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà náà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé àwọn onímọ́tò ń sùn sílé epo. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, ìyàwó tíṣà yìí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, máa ń gbààwẹ̀ fún oòrùn. Kò ní jẹun, omi lásán kò ní kan ètè rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á wọ odò lọ láti kí oòrùn tó ń wọ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, á tún padà síbẹ̀, á dúró nínú omi títí oòrùn á fi yọ. Kò gbọdọ̀ jáde ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣe é, ìyá ìyá rẹ̀ ṣe é, nítorí àlàáfíà ọmọ ni. Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílẹ̀ Íńdíà. Lọ́dún yẹn, gìrì ń mú ọmọ mi. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà lórí, ó ní, "Ìyá Ọmọ, gbé e wá láàárọ̀. Màá bẹ oòrùn fún un." Ilé aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ mi, bí màmá mi bá gbọ́, ilé á gbóná. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti bímọ, o mọ ohun tí mò ń sọ. Mo pọn ọmọ mi, mo tẹ̀ lé òun àti ọkọ rẹ̀.

Odò kan lójú ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà ni a lọ. Kùrukùru bo ojú omi. Obìnrin náà wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí, ó gbé atẹ tuntun dání, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké àti àkàrà dídùn yẹn wà nínú rẹ̀. Ó ti fi àtíkè pupa fa ìlà láti orí imú wọ àárín irun, bí àwọn abilékọ wọn ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ìlà yẹn ló máa kó bá wa.

Ìròyìn ti ń lọ káàkiri pé wọ́n jí ọmọ kan gbé lápá Ọ̀tan-Ilé. Àwọn tó ń lọ sóko kòkó yọ sí wa, wọ́n rí òyìnbó nínú odò, wọ́n rí ohun tó dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n rí ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn mi. Ẹnì kan kígbe pé gbọ́mọgbọ́mọ. Kí n tó ṣẹ́jú, igi ti ń ró lórí tíṣà. Wọ́n fi ìdí àdá gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan bọ́, wàrà tó gbé dání láti dà síwájú atẹ fún oòrùn dànù sórí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbá mi létí, ojú mi ṣókùnkùn, ẹnì kan já ọ̀já mi, wọ́n fa ọmọ yọ lẹ́yìn mi bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu. Mo ń pariwo pé èmi ni mo bí i, ṣùgbọ́n ohùn Òṣogbo ni mo fi ń pariwo, kì í ṣe tiwọn. Ọkùnrin gíga kan tó mú kùmọ̀ dání ní, "Ará Òṣogbo, ṣé ọmọ ti tán lọ́dọ̀ yín ni?" Ó ní kí wọ́n lọ gbé táyà àti epo wá. Táyà wà. Epo ni kò sí ní gbogbo ìlú. Ọ̀wọ́n epo tí gbogbo wa ń ṣépè lé, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n dáná sun wá.

Òkò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú odò. Ọ̀kan ba obìnrin náà níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ gidi wá ń ṣàn gba ojú ìlà pupa yẹn. Ó ṣubú sẹ́yìn, omi bò ó, ó tún dìde. Atẹ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń pè é láti ilẹ̀ ní èdè wọn, ó hàn pé ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sá gba òdìkejì lọ ni. Kò lọ. Oòrùn kò tíì yọ, àwọn ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ tèmi sì wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ru agbọ̀n oko ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ọmọ náà ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ lo bí i, fún un lọ́mú kí a rí i." Mo fa bùbá mi ya. Àyà mi ń já, torí ìbẹ̀rù a máa gbẹ ọmú. Ọmọ náà kọ́kọ́ yí orí dànù, ó tún yí i padà, ó wá gbá a mú. Omi ọmú dà, ó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó fi ọwọ́ kékeré di ìka mi mú bó ṣe máa ń ṣe nílé. Kùmọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e.

Ìyá náà ní kí obìnrin inú odò jáde, kí wọ́n bá a fọ ojú ọgbẹ́. Mo ní kò lè jáde àfi tí oòrùn bá yọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe dúró, àwa tí wọ́n lù àti àwọn tó lù wá, a ń wo ìlà-oòrùn. Nígbà tó yọ, obìnrin náà gbé atẹ sókè, ọkọ rẹ̀ rá dé etí omi, ó bu omi odò lọ́wọ́, ó dà á síwájú atẹ náà dípò wàrà tó ti dànù.

Ní àṣà wọn, ẹni tó gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wà létí odò nínú oúnjẹ oòrùn, kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà náà, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan sá. Nígbà tó dé iwájú ọkùnrin gíga, ọwọ́ obìnrin náà ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí àkàrà tó nà sí i. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò lè gbójú sókè. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló tó béèrè omi.

Kò pẹ́ tí tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ fi kó lọ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Gìrì kò mú ọmọ mi mọ́. Mi ò sọ pé oòrùn ni, mi ò sì sọ pé òun kọ́. Mi ò tíì dárí ji àwọn ènìyàn yẹn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá mú mi bínú débi tí mo fi gbọ́wọ́ sókè láti lù ú, mo máa ń rántí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, àti òùngbẹ tó wà lọ́fun obìnrin tó na ọwọ́ náà jáde. Mo máa ń gbé ọwọ́ tèmi wálẹ̀.