Lẹ́tà láti Yàrá Mathieu

Éloi, olùkọ́ ìṣirò ní Soclogbo, ló gba iṣẹ́ náà nígbà tí Mathieu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Iṣẹ́ náà dá lórí irinṣẹ́ kan tó máa ń yára kó àwọn ègé ètò kọ̀ǹpútà jọ di odindi. Mathieu ló ń dì í fún àwọn tó ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè gbà á sórí ẹ̀rọ wọn láìjìyà. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó rán an.

Ọjọ́ tí Éloi fi àtúnṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà kan wọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Orúkọ Mathieu ló wà lókè rẹ̀. "Mo ti kó o jọ. Kò yege."

Éloi tún orúkọ náà kà. Òun náà wà lára àwọn tó gbé pósí Mathieu.

Ó tún iṣẹ́ náà ṣe, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí èsì dé: "Éloi, o gbàgbé ìlà kọkànlélógójì."

Ó yẹ ìlà náà wò. Lóòótọ́ ló gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gun òkè lọ sílé Valentine, ìyá Mathieu. Ó bá ìyá tó dúró lórí àga, tó ń fi aṣọ tútù nu àwo tó ń fa iná oòrùn létí òrùlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ta ló wà nínú yàrá Mathieu?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Mò ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí n kò fi jẹ́ kí eruku bo iná rẹ̀."

Éloi dẹtí. Nǹkan kan ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Eruku bo gbogbo ilẹ̀ yàrá, kò sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, ó gbóná. Nígbà tí Éloi tú inú rẹ̀ wò, ó rí àṣẹ tí Mathieu fi sílẹ̀: bí àtúnṣe bá ti dé, kí ẹ̀rọ kó o jọ, kó sì kọ̀wé pé ó yege tàbí kò yege. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ òun, ó wá ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ̀rọ dárúkọ ìlà. Ó wá a títí, kò rí i.

"Ìyá, ṣé kí n pa á?"

"Ṣé ó ti parí iṣẹ́ ni?"

Éloi fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó délé, ó tún ìlà náà kọ, ó fi ránṣẹ́. "Ó yege," ni lẹ́tà wí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀dà tuntun irinṣẹ́ náà sínú àkójọ Linux, Éloi kọ orúkọ olùtọ́jú méjì: tirẹ̀ àti ti Mathieu. Isabelle, tó ń yẹ iṣẹ́ wò, béèrè bóyá ẹnì kejì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Éloi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.